Fọ́tò Rírọ̀ Pẹ̀lú Lẹ́ǹsì Àfọwọ́yí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ayàwòrán Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Àwọn oníbàárà túbọ̀ ń béèrè fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tú yẹ́ẹ́ lára aṣọ ìyàwó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, síbẹ̀ tí ẹyinjú ẹni tí a yà hàn kedere. Iṣẹ́ lẹ́ǹsì tí a fi ọwọ́ yí ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wọlé jù lórí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ló dé tí lẹ́ǹsì kan fi ń ya àwòrán rírọ̀, tí òmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín gíláàsì kọjá àti èyí tó gba etí rẹ̀ kọjá kì í fìgbà gbogbo pàdé lójú kan náà. Èyí tó gba etí máa ń tẹ̀ jù, á pàdé ṣáájú ibi tí ti àárín ti máa pàdé. Spherical aberration ni àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ ń pè é. Ẹni tó ṣe lẹ́ǹsì òde òní á to gíláàsì púpọ̀ pọ̀ kó lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe lẹ́ǹsì rírọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ àárín á ya àwòrán tó mú, ti etí á wá tẹ́ òwúsúwusù ìmọ́lẹ̀ lé e lórí.

Bí ẹ bá dín ihò lẹ́ǹsì kù, ẹ ti dí ọ̀nà mọ́ ìmọ́lẹ̀ etí nìyẹn, òwúsúwusù náà á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni lẹ́ǹsì kan náà fi lè rọ̀ gidi ní f/1.6, kó sì mú ní f/8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó).

Ṣé kì í ṣe fókọ́ọ̀sì tó yẹ̀ lẹ kàn ń pè ní rírọ̀?

Rárá o. Nínú àwòrán tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ yẹ̀, kò sí ibì kankan tó mú lójú ẹni tí ẹ yà. Nínú àwòrán rírọ̀, bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tóbi lórí síkírìn, ẹ máa rí irun ìpéǹpéjú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ á kàn bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Egungun gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹran. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí á máa kó àwòrán tó bàjẹ́ fún oníbàárà, á ní àrà lòún dá.

Lẹ́ǹsì wo ni kí n wá rà?

Ó dọ́wọ́ irú rírọ̀ tí ẹ ń wá, torí wọn kò ṣe é kó sójú kan.

Velvet 56 tí iléeṣẹ́ Lensbaby ṣe ni a máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ń ya ojú ènìyàn. Gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 56, ihò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti f/1.6 dé f/16, fílítà 62mm ló ń wọ ẹnu rẹ̀. Ó tún ń sún mọ́ nǹkan gan-an: bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí iwájú rẹ̀, tí òrùka ìgbéyàwó á fi hàn lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ní ìdajì ìtóbi rẹ̀ gan-an. Velvet 85, tí ihò rẹ̀ jẹ́ f/1.8, wà fún ẹni tó fẹ́ dúró jìnnà díẹ̀ sí ẹni tó ń yà.

Helios 44-2, tí wọ́n ṣe ní Soviet Union àtijọ́, ni àyò ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. 58mm f/2 ni, wọ́n sì wo lẹ́ǹsì Biotar ti iléeṣẹ́ Carl Zeiss Jena ṣe é. Òun kì í rọ̀ tó Velvet. Ẹ̀bùn tirẹ̀ ni pé ewé igi tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ yà á máa yí po bí omi tó ń fẹ́ wọ ihò. Kí èyí tó lè hàn, ewé náà gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí oòrùn ń gbà yọ, kó sì wà ní bíi mítà 3 sí 6 lẹ́yìn ẹni náà, kí ẹni náà sì súnmọ́ kámẹ́rà dáadáa. Ẹni tó bá gbé e síwájú ògiri lásán kò ní rí nǹkan kan yí.

Trioplan 100mm f/2.8 ti Meyer-Optik Görlitz, tó ní gíláàsì 3 péré, ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ẹ̀yìn di róbótó tí etí rẹ̀ ń tàn, bíi ti ìfóófò ọṣẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti wọ́n kọjá ohun tó yẹ, a kò sì ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á.

Ti Petzval ńkọ́? Ọdún 1840 ni Joseph Petzval ṣètò lẹ́ǹsì rẹ̀ ní Vienna. Àárín rẹ̀ mú, etí rẹ̀ ń yí. Iléeṣẹ́ Lomography tún un ṣe fún kámẹ́rà òde òní láti 2013. Dípò òrùka ihò, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ihò sí ni ẹ máa ki bọ inú rẹ̀ láti òkè. Ẹ má jẹ́ kó sọnù.

Nikon DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú) ni mo ní. Ṣé Helios á wọ̀ ọ́?

Á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹnu Helios 44-2 jẹ́ M42, aláyípo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 42. Lẹ́ǹsì M42 ń fẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ìdí rẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀ jẹ́ mìlímítà 45.46. Ti Nikon F jẹ́ 46.5, ó ti gùn jù ná, adápítọ̀, ìyẹn òrùka tó ń so lẹ́ǹsì mọ́ kámẹ́rà, sì tún fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, lẹ́ǹsì yín kò ní lè fókọ́ọ̀sì sí ohun tó bá jìnnà ju mítà díẹ̀ lọ. Fún fọ́tò orí dé àyà, kò séwu. Fún ẹni tó dúró lókèèrè, kò ní ṣeé ṣe. Adápítọ̀ tó ní gíláàsì nínú máa ń yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n gíláàsì olówó pọ́ọ́kú inú rẹ̀ ń ba ibi tó yẹ kó mú jẹ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹwà àwòrán rírọ̀ dúró lé.

Canon EF jẹ́ mìlímítà 44, adápítọ̀ M42 rẹ̀ kò sì nílò gíláàsì. Kámẹ́rà mirrorless, èyí tí kò ní dígí nínú, ló rọrùn jù: Sony E jẹ́ 18, Fujifilm X jẹ́ 17.7, Canon RF jẹ́ 20, Nikon Z jẹ́ 16. Àyè adápítọ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sì nílò gíláàsì kankan.

Mo ti de lẹ́ǹsì mọ́ ọn, kámẹ́rà kọ̀ kò yà.

Kámẹ́rà rò pé kò sí lẹ́ǹsì lẹ́nu òun ni. Ẹ wọ mẹ́nù. Lórí Sony, ẹ wá Release w/o Lens, kẹ́ ẹ ṣí i. Lórí Fujifilm, Shoot Without Lens ni. Lórí Canon, Release shutter w/o lens. Bí kámẹ́rà yín bá ní ohun tó ń dín mímì kù nínú ara rẹ̀, ẹ tẹ gígùn fókọ́ọ̀sì lẹ́ǹsì náà sí i fúnra yín, 56 tàbí nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì àná sílẹ̀, kámẹ́rà á máa ṣàtúnṣe òdì, fọ́tò á sì mì.

Àwọn Nikon kékeré bíi D3000 àti D5000 kì í wọn ìmọ́lẹ̀ fún irú lẹ́ǹsì yìí. Ẹ fi wọ́n sí M (ibi tí ẹ ti máa ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra yín), kẹ́ ẹ ya ọ̀kan dánwò, kẹ́ ẹ wo histogram (àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó hàn), kẹ́ ẹ sì tún un ṣe.

Kí ni òrùka méjì tó wà lẹ́nu Helios 44-2 wà fún?

Èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tó ń dún kẹ́kẹ́ bí ẹ bá yí i, ló ń pinnu ibi tí ihò lè dín dé. Èkejì kì í dún. Òun ló ń ṣí ihò, tó sì ń pa á dé gan-an. Ẹ gbé ti àkọ́kọ́ sí f/4, bí àpẹẹrẹ. Ẹ ṣí èkejì sílẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ lè ríran dáadáa. Kẹ́ ẹ tó fókọ́ọ̀sì láti yà á, ẹ yí èkejì títí á fi dúró, ó ti dé f/4 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé lẹ́ǹsì àwọn bàjẹ́ torí pé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń yí, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì yí padà.

Báwo ni mo ṣe máa fókọ́ọ̀sì nígbà tí gbogbo ojú síkírìn rọ̀?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ní 58mm f/2, bí ẹni tí ẹ ń yà bá jìnnà sí yín ní mítà 1 lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm), ibi tó máa mú kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 àtààbọ̀ lọ. Bí ẹni náà bá mí sókè, tí ẹ̀yin náà sì fì síwájú díẹ̀, ó ti lọ.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé focus peaking, ìyẹn àwọ̀ pupa tàbí ofeefee tí kámẹ́rà fi ń kun etí ohun tó bá mú. Ibi tí dúdú àti funfun bá ti yàtọ̀ gédégédé ló ń wá, òwúsúwusù sì ti pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Ó lè kun etí gèlè kó sì fo ojú dá. Ohun tó ṣeé fọkàn tán ni kẹ́ ẹ fẹ ojú síkírìn tóbi.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ihò sí ibi tẹ́ ẹ máa fi yà á. Bí ẹ bá fókọ́ọ̀sì ní f/1.6 tí ẹ wá dín in kù sí f/4, ojú fókọ́ọ̀sì máa sún, torí ìmọ́lẹ̀ etí tó ń fà á tẹ́lẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ ẹyinjú tó súnmọ́ yín jù tóbi, kẹ́ ẹ wá ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń tàn nínú rẹ̀. Ẹ rọra máa yí òrùka fókọ́ọ̀sì. Ìmọ́lẹ̀ náà á tóbi, á wá máa kéré sí i títí yóò fi di ẹyọ kan tó mú, tí òwúsúwusù fẹ́lẹ́ yí i ká, kó tó tún fẹ̀ padà. Ẹ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ padà sí i. Ẹ jẹ́ kí òrùka dúró síbẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà yẹn lọ, ara yín lẹ máa fi tún un ṣe: ẹ fì síwájú àti sẹ́yìn ní ìwọ̀n bí i ìka méjì, kẹ́ ẹ sì máa ya mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sójú ẹ̀.

Ṣọ́tà kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ fún ènìyàn. Bí àwòrán bá rọ̀ tó sì tún mì, kò sí àtúnṣe.

Ihò wo ló dára jù?

Lórí Velvet 56, f/1.6 àti f/2 rọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ oníbàárà. Ẹ fi wọ́n ya òdòdó, òrùka, ọwọ́ ìyàwó. Fún ojú ènìyàn, f/2.8 sí f/4 ni ibùjókòó rẹ̀. Bó bá di f/5.6, rírọ̀ ti ń tán lọ. Kámẹ́rà kò ní kọ nọ́ńbà ihò sínú fáìlì, nítorí náà ẹ ya ìka yín láti fi sàmì sí ìgbà tẹ́ ẹ bá yí i padà: ìka méjì fún f/2, mẹ́rin fún f/4.

Oòrùn ọ̀sán ń sọ gbogbo rẹ̀ di funfun. Kí ni kí n ṣe?

Ìṣirò ló máa ṣàlàyé rẹ̀. Lábẹ́ oòrùn gangan, ní ISO 100 àti f/16, ṣọ́tà máa ń jẹ́ bíi 1/100. Láti f/16 dé f/2 jẹ́ ìṣísẹ̀ 6 (ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì), ṣọ́tà á sì di 1/6400. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í kọjá 1/4000. Fílítà ND8, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, máa mú ìṣísẹ̀ 3 kúrò, á sì dá a padà sí 1/800. Fún Velvet 56, ẹ ra ti 62mm. Fún Helios 44-2, ti 49mm. Bí ẹ bá ní lẹ́ǹsì méjèèjì, ẹ ra ti 62mm nìkan, pẹ̀lú òrùka tó ń so 49 mọ́ 62.

Ká sọ òótọ́, bó tilẹ̀ ṣeé ṣe, oòrùn ọ̀sán kò yẹ lẹ́ǹsì yìí. Ẹ bọ́ sábẹ́ igi.

Ibo àti àsìkò wo ló dára ní agbègbè wa?

Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, àti wákàtí kan ààbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ gbé ẹni tí ẹ ń yà síwájú oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, kẹ́ ẹ sì fi ara igi tàbí ọwọ́ bo oòrùn fúnra rẹ̀ kó má bàa wọ ẹnu lẹ́ǹsì tààrà. Lábẹ́ àwọn igi inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Helios á rí ewé tó fẹ́. Àwọn ilé kọnkéré tí ayàwòrán-ilé Arieh Sharon ṣètò níbẹ̀ náà wúlò: àwọ̀ eérú wọn kì í dán, aṣọ oníbàárà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa yọ.

Ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ṣe é lò gan-an, torí ẹ̀kán omi tí oòrùn bá ràn sí máa ń di róbótó ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí ẹ yà. Ẹ fi fílítà UV, ìyẹn gíláàsì mímọ́ gaara, bo ẹnu lẹ́ǹsì, ẹ sì ní aṣọ gbígbẹ lọ́wọ́. Omi lórí gíláàsì kì í ṣe rírọ̀, ìdọ̀tí ni.

Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run ti mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ lẹ́ǹsì. Bí ẹ bá ṣí ihò sílẹ̀ gbayawu, àwòrán á ṣú bí ẹrẹ̀. Ẹ dín in sí f/4, kẹ́ ẹ súnmọ́ ẹni náà.

Aṣọ àti ara ńkọ́?

Ohun tó bá ń dán ni òwúsúwusù máa ń gbá mú. Aṣọ òkè tó ní òwú dídán, ṣẹ́gọ́, léèsì olókùúta, gbogbo wọn á tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Ó lẹ́wà, àfi bó bá bo ojú mọ́lẹ̀. Ìyùn á yọ ẹ̀ṣọ́ pupa díẹ̀ sí ọrùn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Agbádá funfun lábẹ́ oòrùn ló ṣòro jù: ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní 2/3 ìṣísẹ̀ kan, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí kò ti fojú kan oòrùn.

Awọ ara dúdú ń gba rírọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òógùn àti òróró níwájú orí àti orí imú á di àbàwọ́n funfun. Kí wọ́n tẹ pọ́dà sí i kẹ́ ẹ tó yà, kí wọ́n sì tún nù ún láàárín iṣẹ́. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lára gèlè, ojú á ṣókùnkùn.

Kò sówó fún lẹ́ǹsì tuntun. Ǹjẹ́ ọgbọ́n wà?

Méjì wà. Ẹ ra fílítà UV tó kéré lówó, kẹ́ ẹ fi ìka pa Vaseline sí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ tónítóní ní ìbú bíi mìlímítà 25. Ibi tí ẹ bá fa ìka sí ni ìmọ́lẹ̀ á fà sí, nítorí náà ẹ fà á láti àárín síta. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pa á sára gíláàsì lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ láéláé.

Ìkejì ni sítókìn dúdú fẹ́lẹ́ ti obìnrin. Ìpele kan ni kẹ́ ẹ na bo ẹnu lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ fi róbà dè é. Dúdú ni kó jẹ́. Funfun máa ń sọ òjìji di eérú. Iwọ̀nyí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì gidi sàn jù wọ́n lọ.

Ṣé n kò lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é?

Ẹ lè rí nǹkan tó jọ ọ́. Bí ẹ bá fa Clarity wálẹ̀ nínú ètò tí ẹ fi ń tún fọ́tò ṣe, tàbí tí ẹ tẹ́ ẹ̀dà fọ́tò náà tí ẹ ti sọ di bàìbàì lé e lórí, ó máa rọ̀. Àmọ́ nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ti kún, òkúta dídán lára léèsì àti léèsì funfun fúnra rẹ̀ ti di funfun kan náà nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó tàn ju èkejì lọ. Lẹ́ǹsì mọ̀ ọ́n, torí ó ti pín ìmọ́lẹ̀ kó tó dé sẹ́ńsọ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà wúlò fún ni pé kẹ́ ẹ ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), kẹ́ ẹ fa Blacks wálẹ̀ díẹ̀ kí dúdú lè padà di dúdú, kẹ́ ẹ sì fi sharpening, ìyẹn àtúnṣe tó ń jẹ́ kí nǹkan mú sí i, sí ẹyinjú àti irun ìpéǹpéjú nìkan. Ẹni tó bá fi sharpening sí gbogbo ojú ti ń tú iṣẹ́ tí lẹ́ǹsì ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá lẹ́ǹsì àlòkù rọ̀ látilẹ̀ ni, àbí ó ti bu?

Ẹ ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀ láti iwájú. Èébu máa ń rí bí okùn aláǹtakùn. Bó bá jẹ́ ìkùukùu fẹ́lẹ́ ló wà nínú rẹ̀, òróró tó gbẹ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ohun kan ní f/8, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti iwájú kámẹ́rà. Lẹ́ǹsì tó rọ̀ látilẹ̀ á mú ní f/8. Èyí tó bu á ṣì fún yín ní àwòrán tó ṣì. Èébu tí kò tíì jinlẹ̀, oníṣẹ́ lẹ́ǹsì lè nù ún; èyí tó ti jẹ ojú gíláàsì kì í lọ mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nígbà òjò?

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú báàgì awọ. Ike tó ní ìdérí dídì, silica gel nínú rẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, ti tó. Kó wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti kọjá 60 fún ọjọ́ pípẹ́, èébu ń bọ̀. Silica gel olósàn tó bá ti di àwọ̀ ewé ti mu omi yó, ẹ yan án lórí iná kékeré kí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ má fi káńfọ̀ sínú ike náà, èéfín rẹ̀ á bo gíláàsì.

Ṣé mo lè gbé e lọ sí Ọlọ́jọ́ tàbí Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà?

Ẹ gbé e, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ òun nìkan. Nígbà tí Ọ̀ọ̀ni bá dé Adé Àrè jáde, kò sẹ́ni tó máa dúró de òrùka tí ẹ ń yí. Lẹ́ǹsì tó ń fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni kó wà lẹ́nu kámẹ́rà nígbà yẹn. Ẹ fi ti àfọwọ́yí ya àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòji, ọwọ́ onílù tó ń sinmi, ìyùn lọ́rùn àwọn àgbà.

Fọ́tò mi dára lórí síkírìn, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀bù máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tún fọ́tò ṣe fúnra rẹ̀: á rí òwúsúwusù, á rò pé àṣìṣe ni, á fi dúdú àti sharpening kún un. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kó pa àtúnṣe náà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára ìwé iṣẹ́ yín. Ẹ yan bébà tí kò dán. Èyí tó ń dán ń fi ìmọ́lẹ̀ yàrá kún ìmọ́lẹ̀ fọ́tò, dúdú rẹ̀ á sì ṣì. Kẹ́ ẹ tó tẹ 16 × 20 íńṣì, ẹ ní kí wọ́n fi ojú àti ọrùn nìkan tẹ 4 × 6 ní ìwọ̀n tí wọ́n máa wà nínú èyí ńlá náà. Bí irun ìpéǹpéjú bá hàn níbẹ̀, ẹ tẹ ńlá. Bí kò bá hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 8 × 10, kẹ́ ẹ sì yan òmíràn fún ògiri.